Bí ẹ ṣe lè pa ọfọ̀ tafàtafà pọ̀ nínú Dungeons & Dragons láìrú òfin

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń fi akọni wọn ta ọfà nínú Dungeons & Dragons, eré àròsọ orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe, máa ń bi mí: ṣé ènìyàn lè fi Hunter's Mark sàmì sí ọ̀tá, kí ó tún pe Hail of Thorns sí ọfà tó fẹ́ ta, kí méjèèjì sì jà lórí ọfà kan ṣoṣo? Lábẹ́ ìwé òfin ọdún 2014, kò ṣeé ṣe. Lábẹ́ ti ọdún 2024, ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá tò ó bó ti yẹ. Ìyókù ojú ewé yìí ń sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ ohun tó ya ọfọ̀ méjì nípa ni yóò mọ èyí tó lè bá ara wọn gbé, kò sì ní máa bá adarí eré jiyàn ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án.

Mo fi orúkọ àwọn ọfọ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé òfin, kí ẹ lè tètè rí wọn níbẹ̀. Dáìsì náà, bí ìwé ṣe kọ ọ́ ni mo kọ ọ́: 1d6 jẹ́ dáìsì olójú mẹ́fà kan, 4d8 sì jẹ́ dáìsì olójú mẹ́jọ mẹ́rin tí a ju pọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ bi adarí eré bóyá òfin 2014 tàbí ti 2024 ni tábìlì yín ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ èyí tí òun ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn méjèèjì sì yàtọ̀ síra pátápátá.
- Ẹ wo ìpele akọni yín; ọfọ̀ náà ní ìpele tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ti akọni. Lábẹ́ òfin 2014, Ranger (irú akọni tó jẹ́ ọdẹ inú igbó) kì í ní ọfọ̀ kankan títí yóò fi dé ìpele 2. Ọwọ́ rẹ̀ yóò tó ọfọ̀ ìpele kejì ní ìpele 5, ti ìpele kẹta ní ìpele 9, ti ìpele karùn-ún sì di ìpele 17.
- Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ mọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ìṣe tó ń ná, bóyá ó ń béèrè ìfọkànsí, àti àkókò tó ń jà gan-an, yálà kí ọfà tó kúrò lọ́wọ́ ni tàbí lẹ́yìn tó bá ti ba ọ̀tá.

Òfin mẹ́rin tó ń pinnu ohun gbogbo

*Ìfọkànsí.* Púpọ̀ nínú ọfọ̀ ọfà ló ń béèrè pé kí ẹni tó pè é máa fọkàn sí i títí tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ẹnì kan kò lè fọkàn sí ju ẹyọ kan lọ, gẹ́gẹ́ bí orí kan kò ṣe lè ru agbọ̀n méjì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ti pe èkejì tó ń béèrè ìfọkànsí, àkọ́kọ́ ti já nìyẹn, àyè ọfọ̀ (iye ìgbà tí akọni lè pe ọfọ̀ kó tó sinmi) tí ẹ ná sí i kò sì ní padà. Bí ọ̀tá bá pa yín lára nígbà tí ẹ ń fọkàn sí ọfọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ju dáìsì àjàbọ́ (èyí tí a fi ń bọ́ lọ́wọ́ ewu) ti Constitution (agbára ìfaradà), kí ó sì dé 10 tàbí ìdajì ìpalára náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìpalára 14 ń béèrè 10. Ìpalára 30 ń béèrè 15. Bí ẹni mẹ́ta bá lù yín, ẹ ó ju ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dójú ni pé ìfọkànsí wà lórí ẹni tó pe ọfọ̀, kì í ṣe lórí ẹni tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí onídán bá pe ọfọ̀ sí apó ọfà yín, òun ló rù ú, orí tiyín ṣì ṣófo. Orí gbólóhùn yìí ni gbogbo àpapọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nísàlẹ̀ dúró lé.

*Ìṣe àfikún.* Ohun kékeré tó yára ni, tí akọni lè ṣe kún ìṣe rẹ̀ gan-an, bíi títa ọfà. Ẹyọ kan péré ni akọni kọ̀ọ̀kan ní nígbà tó bá kàn án. Hunter's Mark, Hail of Thorns, Ensnaring Strike àti Lightning Arrow, ìṣe àfikún ni gbogbo wọn ń ná. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àmì Hunter's Mark kúrò lára ẹni tó ti ṣubú lọ sára ẹlòmíràn, ìṣe àfikún náà nìyẹn. Ẹni tó ní Crossbow Expert (ẹ̀bùn àkànṣe tí akọni lè yàn), tó sì ń fi ìṣe àfikún ta ọfà kún ọfà, yóò rí i pé àmì àti ọfà ń du àyè kan náà.

*Ọfọ̀ méjì nígbà kan ṣoṣo.* Lábẹ́ òfin 2014, bí ẹ bá fi ìṣe àfikún pe ọfọ̀, ẹ kò lè pe òmíràn nígbà kan náà, àfi ọfọ̀ kékeré tí kì í ná àyè, tí pípè rẹ̀ sì jẹ́ ìṣe kan. Lábẹ́ òfin 2024, ohun tí a ń kà ni àyè: ẹyọ kan ni ẹ lè ná lórí ọfọ̀ nígbà kan tó bá kàn yín.

*Orúkọ kan náà.* Ọfọ̀ tí orúkọ wọn yàtọ̀ máa ń ro pọ̀. Èyí tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í ro pọ̀. Èyí tó lágbára jù nínú wọn nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, Bless (ọfọ̀ tó ń fi 1d4 kún dáìsì ìkọlù) láti ọwọ́ àlùfáà méjì kò fún yín ní 2d4. Àmọ́ bí Ranger méjì bá sàmì sí ọ̀tá kan ṣoṣo, kálukú yóò gba 1d6 tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó pe Hunter's Mark nìkan ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn ọfọ̀ náà lábẹ́ òfin 2014

Àwọn tó ń béèrè ìfọkànsí:

- Hunter's Mark (ìpele 1): ó ń fi 1d6 kún ìpalára ní gbogbo ìgbà tí ohun ìjà yín bá ba ẹni tí ẹ sàmì sí. Ó lè pẹ́ tó wákàtí 1. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ni ó ń dé.
- Hail of Thorns (ìpele 1): ó ń dúró de ọfà àkọ́kọ́ tó bá bà. Ẹni tí ọfà bà àti gbogbo ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i yóò ju dáìsì àjàbọ́ ti Dexterity (ìyára ara). Ẹni tó bá kùnà yóò gba 1d10, ẹni tó bá yege yóò gba ìdajì.
- Ensnaring Strike (ìpele 1): òun náà ń dúró de ìgbà tí ohun ìjà bá bà. Bí ọ̀tá bá kùnà dáìsì àjàbọ́ ti Strength (agbára ara), ẹ̀gún yóò dè é mọ́lẹ̀, yóò sì máa gba 1d6 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá kàn án. Ẹ̀dá ńlá ń rí àǹfààní lórí dáìsì náà, ìyẹn ni pé yóò jù ú lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì mú èyí tó ga jù.
- Lightning Arrow (ìpele 3): ọfà tó kàn ló ń di mànàmáná, yálà ó bà tàbí ó tàsé. Bí ó bá bà, 4d8 ló rọ́pò ìpalára ọfà. Bí ó bá tàsé, ìdajì rẹ̀. Àwọn tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ọ̀tá náà yóò ju dáìsì àjàbọ́, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá 2d8 ni wọn yóò gbà tàbí ìdajì.
- Flame Arrows (ìpele 3): a ń pè é sí apó, ó sì ń fi 1d6 iná kún ọfà kọ̀ọ̀kan tó bá ti inú apó náà jáde tó sì bà. Ó ń tán lẹ́yìn ọfà 12 tàbí wákàtí 1.
- Swift Quiver (ìpele 5): láti ìgbà tó tẹ̀ lé e tó bá kàn yín, ẹ lè fi ìṣe àfikún ta ọfà méjì sí i.

Àwọn tí kò béèrè rẹ̀:

- Cordon of Arrows (ìpele 2): ẹ ó gún ọfà mẹ́rin sílẹ̀, wọn yóò sì ṣọ́ àyíká wọn dé ẹsẹ̀ bàtà 30 fún wákàtí 8.
- Conjure Barrage (ìpele 3) àti Conjure Volley (ìpele 5): òjò ọfà ni méjèèjì, wọ́n ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń parí lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀ lé

1. Ẹ yan ọfọ̀ kan tí yóò jẹ́ òpó ìjà yín. Ó yẹ kó jẹ́ èyí tó ń pẹ́, tó sì ń béèrè ìfọkànsí. Fún tafàtafà tó ń ta ọfà méjì nígbà kan, Hunter's Mark ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Fún ìjà pẹ̀lú ọ̀tá kan tó lè sá tàbí tó lè kọlu àwọn aláìlera yín, Ensnaring Strike ló ṣànfààní jù.

2. Ẹ ka orí tó wà lórí tábìlì. Akọni mélòó ló lè pe ọfọ̀, kí sì ni kálukú wọn fẹ́ fọkàn sí? Bí druid yín (akọni tó ń fa idán látinú ìṣẹ̀dá) kò bá ní nǹkan pàtàkì láti rù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé Flame Arrows. Ìjíròrò yìí yẹ kó wáyé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, torí pé nígbà tí òǹrorò bá ti yọ sí gbogbo yín, kálukú a máa ro ti ara rẹ̀.

3. Ẹ fi àwọn ọfọ̀ tí kò béèrè ìfọkànsí kún un. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni du orí, nítorí náà ẹ lè pè wọ́n láìbẹ̀rù pé òpó yóò wó.

4. Ẹ to ìgbà àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta sórí ìwé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣe kan àti ìṣe àfikún kan. Bí ìṣe àfikún méjì bá bọ́ sí ìgbà kan náà, àpapọ̀ yín kò tíì ṣeé lò.

5. Ẹ wọn ibi tí ẹ dúró sí. Ọrun gígùn ń ta dé ẹsẹ̀ bàtà 150 láìsí ìnira (ìyẹn jíju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kí a sì mú èyí tó kéré jù), ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 90 ni Hunter's Mark mọ. Tafàtafà tó dúró sí ẹsẹ̀ bàtà 120 lè ta ọ̀tá, kò lè sàmì sí i. Ẹ rìn súnmọ́ ọn, ẹ sàmì, ẹ ta ọfà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìrìn tó kù fà sẹ́yìn.

6. Ẹ ju dáìsì ní ẹsẹẹsẹ: dáìsì ìkọlù ni àkọ́kọ́, tí ó bá bà, ẹ ju ìpalára ọfà pẹ̀lú gbogbo àfikún tó rọ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn ìyẹn ni dáìsì àjàbọ́ àti ìpalára tó ti ibẹ̀ wá. Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, nítorí pé nígbà tí ẹ bá ju 20 geere (tí dáìsì olójú ogún fúnra rẹ̀ fi 20 hàn), dáìsì tó rọ̀ mọ́ ìkọlù nìkan ló ń di ìlọ́po méjì. 1d6 ti Hunter's Mark a di 2d6. 1d10 ti Hail of Thorns kò ní yí padà, torí pé dáìsì àjàbọ́ ló mú un wá.

7. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ìfọkànsí bá já. Bí àyè ọfọ̀ bá ti ń tán, ó sàn kí ẹ máa ta ọfà lásán ju kí ẹ ná àyè ìkẹyìn lórí àmì tí ọ̀tá tó dúró ti yín yóò tún já dànù.

Àpapọ̀ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin 2014

*Orí mẹ́ta, ọfà kan.* Ẹ jẹ́ kí a mú Ranger ìpele 9 tí Dexterity rẹ̀ ń fi 4 kún ìpalára, pẹ̀lú druid àti àlùfáà. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, druid pe Flame Arrows sí apó Ranger náà. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, àlùfáà pe Bless lé ẹni mẹ́ta lórí, tafàtafà sì wà lára wọn. Ranger fi ìṣe àfikún pe Hunter's Mark, ó sì fi ìṣe rẹ̀ ta ọfà méjì. Ọfọ̀ mẹ́ta tó ń béèrè ìfọkànsí ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rù wọ́n, nítorí náà kò sí èyí tó já èkejì.

Láìsí ọfọ̀, ọfà ọrun gígùn tó bà ń ṣe 1d8 àti 4, ìyẹn 8.5 ní ìpíndọ́gba. Pẹ̀lú Hunter's Mark àti Flame Arrows, ó di 1d8, 1d6, 1d6 àti 4, ìyẹn 15.5. Bless kò fi nǹkan kan kún ìpalára. 1d4 rẹ̀ ń lọ sórí dáìsì ìkọlù, kí ọfà má baà tàsé. Bí dáìsì ìkọlù bá jẹ́ 20 geere, ìpíndọ́gba ìpalára yóò gòkè dé 27. Ẹ rántí pé ọfà 12 péré ni Flame Arrows ní, pé èyí tó tàsé náà wà nínú òǹkà, àti pé tafàtafà tó ń ta méjì nígbà kan yóò lò ó tán ní ìgbà mẹ́fà. Mo ti rí i tí ẹni kan ń ka 1d6 iná títí dé òpin ìjà gígùn. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan sàmì sí ìwé nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò ní fẹ̀sùn ojóòro kàn yín.

*Dè é, kí o rọ òjò lé e.* Èyí kò nílò ẹlòmíràn rárá, mo sì gbà pé òun ni àpapọ̀ tí àwọn Ranger gbójú fò jù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi ìṣe àfikún pe Ensnaring Strike, kí ẹ sì ta ọfà. Bí ó bá bà, tí ọ̀tá sì kùnà dáìsì àjàbọ́, a ti dè é: kò lè rìn, gbogbo ẹni tó bá kọlù ú ní àǹfààní, ìnira sì wà lórí gbogbo dáìsì àjàbọ́ ti Dexterity tí yóò jù. Ní ìgbà kejì, ẹ fi ìṣe yín pe Conjure Barrage. Kò béèrè ìfọkànsí, nítorí náà ìdè náà kò tú, dáìsì àjàbọ́ tí ọ̀tá yóò sì jù lòdì sí òjò ọfà náà jẹ́ ti Dexterity gan-an. Ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan ṣoṣo, torí òfin ọfọ̀ méjì tí mo sọ lókè kò gbà á. Ẹ sì ṣọ́ra: lábẹ́ òfin 2014, gbogbo ẹni tó wà nínú àlà Conjure Barrage ló ń gba ọfà, ọ̀rẹ́ pẹ̀lú ọ̀tá. Bí jagunjagun yín bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ẹ dè, ẹ fi òjò náà sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó fi idà jẹ àǹfààní ìdè.

*Tafàtafà méjì.* Bí ẹni méjì bá ń ta ọfà nínú ẹgbẹ́ yín, kí ọ̀kan dè, kí èkejì pe Hail of Thorns tàbí Lightning Arrow. Ẹni tí a dè ń ju dáìsì àjàbọ́ Hail of Thorns pẹ̀lú ìnira. Ẹ fiyè sí i pé ẹni tó ń dè ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Bí ètò ìjà bá gbé e sẹ́yìn, kí ẹni kejì ta ọfà lásán ní ìyípo àkọ́kọ́, kó má ná àyè rẹ̀.

Nígbà wo ni Hail of Thorns sàn ju Hunter's Mark lọ?

Nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè gbé, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ń ta ọfà méjì nígbà kan, ìjà yóò gba ìgbà mẹ́ta, ọfà yín sì ń ba ọ̀tá ní ìdá 65 nínú 100. Nǹkan bí ọfà 4 ni yóò bà, Hunter's Mark yóò sì fi bíi ìpalára 13 sí 14 kún un lápapọ̀, bí ẹni tí ẹ sàmì sí kò bá tètè kú. Hail of Thorns ń jà lẹ́ẹ̀kan: bí ọ̀tá bá ń kùnà dáìsì àjàbọ́ ní ìdajì ìgbà, nǹkan bí 4 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ìyẹn 12 lórí ẹni mẹ́ta tó fún mọ́ra. Ìdájọ́ tèmi ni pé bí wọn kò bá tó mẹ́ta nítòsí ara wọn, ẹ má ṣe yọjú sí Hail of Thorns. Bí wọ́n bá tó mẹ́rin tí ìjà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ pè é.

Ẹ tún ro ti àyè. Àyè kan tí ẹ ná sórí Hunter's Mark lè gbé yín la ìjà méjì kọjá láàárín wákàtí kan, bí ìfọkànsí kò bá já. Ẹni tó bá fi àyè ìpele 3 pè é yóò ní i fún wákàtí 8, àmì tí a lè máa gbé kiri ní gbogbo ọjọ́.

Bí tábìlì yín bá ń lo òfin 2024

Ohun mẹ́ta ló yí padà fún tafàtafà. Hail of Thorns àti Lightning Arrow kò béèrè ìfọkànsí mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta ọfà ni ẹ ń pè wọ́n, nígbà tí ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Hail of Thorns ń béèrè pé kí ọfà ti bà. Lightning Arrow gba èyí tó bà àti èyí tó tàsé. Ensnaring Strike pẹ̀lú di ohun tí a ń pè lẹ́yìn tí ohun ìjà ti bà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń béèrè ìfọkànsí, nítorí náà yóò já àmì yín.

Ètò tó tọ́ fún ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé yìí ni èyí:

1. Ìgbà àkọ́kọ́: ìṣe àfikún fún Hunter's Mark, ìṣe fún ọfà.
2. Ìgbà kejì: ẹ ta ọfà. Bí ó bá bà, ẹ ka 1d6 ti àmì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìṣe àfikún pe Hail of Thorns.
3. Ìgbà kẹta: bí ẹni tí ẹ sàmì sí bá ti ṣubú, ẹ yan ọ̀kan: ẹ gbé àmì lọ sára ẹlòmíràn, tàbí ẹ pe Hail of Thorns mìíràn. Méjèèjì kò lè wọ ìgbà kan náà, torí ìṣe àfikún kan ni wọ́n ń du.

Ranger ti 2024 ní ànfààní láti pe Hunter's Mark fún iye ìgbà kan lọ́fẹ̀ẹ́ láìná àyè. Bí ẹ bá lo ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ lè sàmì pẹ̀lú ìṣe àfikún kí ẹ sì pe Conjure Barrage pẹ̀lú ìṣe yín nígbà kan náà, nítorí pé àyè kan ṣoṣo lẹ ná. Òfin 2014 kò gba èyí rárá. Conjure Barrage tuntun náà ń jẹ́ kí ẹ yan ẹni tí yóò bà, nítorí náà jagunjagun yín lè sinmi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíka 1d6 ti Hunter's Mark mọ́ Conjure Barrage, Conjure Volley tàbí ẹ̀gún Hail of Thorns. Ìkọlù ohun ìjà ni àmì náà ń tẹ̀ lé. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ti dáìsì àjàbọ́.
- Pípe Lightning Arrow ti 2014 kí ẹ sì máa retí pé ìpalára ọfà yóò tún wá lọ́tọ̀. 4d8 náà ló rọ́pò rẹ̀.
- Gbígbàgbé láti dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nígbà tí ẹ ń pe Cordon of Arrows. Ẹni tí ẹ kò yọ sílẹ̀, tó bá jí lóru lọ tọ̀, ọfà ni yóò kí i.
- Pípe Elemental Weapon sí ọrun tí Magic Weapon ti wà lára rẹ̀. Ọrun lásán tí kò ní idán ni Elemental Weapon ń fẹ́, ọrun náà kò sì jẹ́ lásán mọ́.
- Bíbẹ onídán pé kó pe Haste (ọfọ̀ ìyára) sí tafàtafà láìdáàbò bo onídán náà. Bí ìfọkànsí rẹ̀ bá já, tafàtafà kò ní lè rìn tàbí ṣe ohunkóhun títí ìgbà tó tẹ̀ lé e tó kàn án yóò fi kọjá.
- Yíyọ ọfà láti inú apó mìíràn lẹ́yìn tí a ti pe Flame Arrows. Iná wà nínú apó tí ọwọ́ kàn nìkan.

Bí ẹ kò bá fẹ́ du orí rárá

Àwọn agbára kan wà tí kì í ṣe ọfọ̀, nítorí náà òfin ìfọkànsí kò kàn wọ́n. Colossus Slayer ti Ranger tó yan ẹ̀ka Hunter ń fi 1d8 kún un lẹ́ẹ̀kan nígbà kan lórí ẹni tó ti fara pa, ó sì ń rìn pẹ̀lú Hunter's Mark láìsí wàhálà. Arcane Archer, ẹ̀ka jagunjagun tó jáde nínú ìwé àfikún ọdún 2017, ní ọfà idán méjì láàárín ìsinmi kan sí òmíràn. Bursting Arrow rẹ̀ ń bú gbàmù pẹ̀lú 2d6 lára ọ̀tá àti gbogbo ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i, kò sì ná ìṣe àfikún. Méjì kéré, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọ̀kan sórí ọfà kan náà tí druid ti fi iná sí.

Sharpshooter ti 2014 (ẹ̀bùn àkànṣe bíi Crossbow Expert) ní tirẹ̀ ń yọ 5 kúrò lára dáìsì ìkọlù kó tó fi 10 kún ìpalára. Ẹ má ṣe lò ó ní òfo. Ẹ dúró títí Bless yóò fi wà, tàbí títí Faerie Fire yóò fi tàn sára ọ̀tá tí gbogbo yín á fi ní àǹfààní lórí rẹ̀. Òfin 2024 ti yọ ìyọkúrò àti àfikún yìí kúrò nínú Sharpshooter.

Ohun tí ẹ ó kọ sórí páálí kékeré níwájú yín

- Ọfọ̀ wo ni mo ń fọkàn sí báyìí? Ta ló ń fọkàn sí èyí tó wà lára mi?
- Ṣé mo ti lo ìṣe àfikún mi?
- Àyè mélòó ló kù, ní ìpele wo?
- Ta ni mo sàmì sí, ṣé ó ṣì wà ní ìdúró?
- Ọfà iná mélòó ló kù nínú apó?